Òjòlá Lazarus àti Eku Mùsílímátù

Obìnrin náà jókòó lórí àgò eku níwájú géètì tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n tì, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, kò sì sí ẹnìkan ní gbogbo títì Ajíbọ́dé tó lè bi í pé kí ló dé.

Ọdún 1996 ni. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kó ẹrù wọn lọ sílé, àwọn onílé sì ń gbá àgbàlá tí kò dọ̀tí. Ibi tí rédíò ti ń pariwo tẹ́lẹ̀, ẹyẹ ló kù tó ń ké níbẹ̀. Mùsílímátù ò mọ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà ló ti wá, ó wọ mọ́tò mẹ́ta, ó ru ogójì eku funfun wá fún ilé ẹranko Yunifásítì bó ti máa ń ṣe lóṣooṣù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí ẹ̀wọ̀n.

Òdìkejì títì ni Lazarus ti rí i. Obìnrin náà dúdú, ó ga, ọrùn rẹ̀ gún gbọọrọ, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, eku ni Lazarus kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rí i pé ẹni tó jókòó lé wọn ń sunkún, ojú sì tì í. Ó sọdá.

"Ẹ kú ìjókòó o, màdáámù."

"Òo. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé títà ni eku yẹn?"

Mùsílímátù yára nu ojú. "Títà ni. Mélòó lẹ fẹ́?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan kẹ̀? Ogójì ni mo rù wá láti Lágelú!"

"Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, màá tún ra ẹyọ kan."

Ó wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. "Ṣé sísè lẹ máa ń sè é ni, àbí ẹ ó yan án?"

"Èmi kọ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ìyàwó yín ni?"

"Mi ò níyàwó."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Mi ò bímọ."

"Ta ló wá fẹ́ jẹ eku?"

Lazarus wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Òjòlá ni," ó ní.

Bí ẹ̀rín ṣe bú mọ́ Mùsílímátù nìyẹn, pẹ̀lú omijé lójú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Lazarus náà rẹ́rìn-ín, ohùn ẹ̀rín ara rẹ̀ sì ya á lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Lazarus. Ó máa ń bọ́ àwọn ẹran tó wà ní ilé ẹranko yẹn, ó sì ń gbá ilé wọn, kí wọ́n tó tì í. Ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń gba eku lọ́wọ́ Mùsílímátù, ìyẹn ni àwọn méjèèjì ò fi pàdé rí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọjá lọ sí òkè òkun ní ọdún méje sẹ́yìn, ó fi òjòlá kan sílẹ̀ fún un, irú òjòlá kékeré tí kì í gùn ju ìdúró ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi dé. Ọ̀gá ò dé. Ní ọdún kejì, ìyá Lazarus kú, òjòlá náà ló sì kù tí wọ́n jọ ń sùn sí yàrá kan. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á wọ aṣọ funfun, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù, á jókòó lẹ́yìn pátápátá, á sì ti délé kí àwọn ẹlòmíràn tó kí ara wọn tán.

Ohun tó bá ènìyàn gbé pẹ́ níí di ẹbí rẹ̀. Àwọn ará Ajíbọ́dé ní ó ń fi ejò ṣe nǹkan kan. Kò fi ṣe nǹkan kan o. Ó kàn ń bá a gbé ni.

*

Bẹ́ẹ̀ ni Mùsílímátù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, pẹ̀lú eku kan nínú àgò kékeré. Kí ló lè mú ènìyàn wọ mọ́tò mẹ́ta nítorí eku kan? Ẹ má bi mí. Òun fúnra rẹ̀ ò bi ara rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin ti kọjá tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ láìbímọ, yàrá kan lẹ́yìn ilé, létí àká àgbàdo, ni wọ́n sì fi í sí, níbi tí ohùn eku ti ń gbọ́ ju ohùn ènìyàn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tó wá, ó ní òun fẹ́ rí oníbàárà òun.

"Ẹ ò ní bẹ̀rù?" Lazarus bi í.

"Màá bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i."

Ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tètè rántí ọ̀nà ilé, Lazarus sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ da àgbàdo àti omi síwájú eku náà, ó jẹ́ kó jẹ àjẹyó, nítorí eku tí ebi ń pa lè fi ara òjòlá ṣe oúnjẹ. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òjòlá wò bóyá ó sanra ju ibi tí òjòlá ti ki jù lọ. Ó wo ojú òjòlá dáadáa: bí ojú náà bá ti funfun bí omi ẹ̀kọ, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò ní jẹun, a kì í sì í fi eku tì í. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, ó gbé òjòlá kúrò nínú àpótí tó ń sùn, ó fi sí inú ike ńlá kan tó ní ìdérí, ibi ìjẹun lọ́tọ̀, kó má baà rò pé ọwọ́ tó bá ti wọ inú àpótí òun, oúnjẹ ni. Ẹ̀mú gígùn ló fi mú eku náà sí i, kò fi ọwọ́ mú un.

Ó wá jókòó, ó tẹjú mọ́ ike, kò ṣẹ́jú.

Bí òjòlá ṣe gbé eku náà báyìí, Mùsílímátù yí ojú sí ògiri.

"Ẹ̀rù ń bà yín," ni Lazarus wí, láì gbé ojú kúrò.

"Rárá," ló fèsì. Kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lazarus ò bi í. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún un ìdí tí òun fi jókòó ti ike. Ìdí rẹ̀ ni pé eku ní eyín. Bí òjòlá ò bá tètè gbé e, tí a fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, eku ọ̀hún yóò yíjú padà, yóò sì máa fi òjòlá ṣe ìpanu, òjòlá tí kò bá fẹ́ jẹun kì í sì í gbèjà ara rẹ̀. Tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá, ṣe ni kí a mú eku náà kúrò. Òkú eku ì bá sàn jù, ṣùgbọ́n inú igbó ni wọ́n ti mú Jẹ́jẹ́, kò sì gbà láti jẹ òkú rí. Lazarus mọ gbogbo èyí bí orúkọ rẹ̀, àmọ́ ọkùnrin tó ti dá gbé fún ọdún márùn-ún ti gbàgbé pé ó yẹ kí ènìyàn máa ṣàlàyé. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ìyókù tó dé.

Nígbà tó ṣe, Lazarus ń se ìrẹsì dè é ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó ń pè é ní "Ìyá Eku," òun náà ń pè é ní "Bàbá Ejò." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀, Mùsílímátù gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan pè mí ní ìyá nǹkan kan ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un pè."

"Ìyá Eku."

"Èmi nìyẹn. Ẹ má fi ẹ pè mí mọ́, ẹ jù mí lọ."

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ti ọkọ rẹ̀ fún un. Àìsàn ọdún mẹ́ta ni. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ìyá ọkọ dúró láàárín àgbo ènìyàn, ó ní, "Obìnrin yìí ò mọ ohun alààyè tọ́jú." Lazarus di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú nìyẹn, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìrẹsì fi jóná.

*

Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ti mọ ara wọn, Lazarus lọ tọrọ Mùsílímátù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni Bàbá Sàníù, ìmàle òdodo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹ̀sìn kọ́ ni mo máa bá ọ fà," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi Jacob, Kérúbù bíi tìẹ ni, a jọ ń jẹ iléyá, a jọ ń jẹ Kérésì. Ejò yẹn ni ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó bá lè bá ejò gbé yàrá kan fún ọdún méje, ó dà bí ẹni pé kò wá ènìyàn mọ́. Ọmọ mi ti dá wà tó. Mi ò fẹ́ kó tún lọ dá wà nílé ọkọ. Lọ rò ó. Bí ènìyàn lo bá ń wá, padà wá sọ fún mi."

Lazarus rò ó láti Ìyànà Ọ̀fà dé Òjòó.

Kó tó rò ó tán, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Ìlá, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí Lazarus ti kú. Ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò lò, ọjọ́ oúnjẹ òjòlá sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Ó fún Mùsílímátù ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

"Bó o ṣe rí i tí mò ń ṣe é ni kó o ṣe é."

"Màá ṣe é, Bàbá Ejò. Ẹ lọ sìnkú yín."

Ó sì ṣe é. Kò sí ohun tó gbójú fò: ó bọ́ eku yó, ó wọ̀n ọ́n, ó wo ojú òjòlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ kan ejò láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó gbé e sí ike, ó fi ẹ̀mú ju eku sí i, ó dé e pa. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Nítorí nílé Bàbá Sàníù, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi pàṣán kọ́ ọmọ pé a kì í wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu. Wọn á gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọn á ní "ẹ jẹun ire," wọn á sì kúrò níbẹ̀. Ìdí tó fi ń yí ojú sí ògiri nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ó sì ti rò ó nínú ara rẹ̀ pé Lazarus máa ń jókòó ti òjòlá nítorí pé kò rí ẹlòmíràn tí wọn ó jọ jẹun. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an. Ní tirẹ̀, ó fún ẹran náà láyè kó jẹun bí ọmọlúwàbí. Ó lọ sùn sí ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Òjòó, ó ní òun yóò wá kó ike ní òwúrọ̀.

Òjòlá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa di òwúrọ̀, eku ló jókòó lé òjòlá lẹ́yìn, ó ń nu ẹnu, ibi tó ti jẹ sì jìn débi pé egungun hàn.

*

Nígbà tí Lazarus ti Ìlá dé ní ọjọ́ kẹwàá, Mùsílímátù wà ní yàrá rẹ̀. Òjòlá wà nínú aṣọ funfun, wọ́n ti rán ẹ̀yìn rẹ̀. Mùsílímátù kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

Lazarus tú aṣọ náà wò. Ìbànújẹ́ ìsìnkú, àárẹ̀ ìrìn àjò, gbogbo rẹ̀ wá kóra jọ sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ láyé tó lè sọ. Èyí tó burú jù nínú wọn ló mú.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. O ò mọ ohun alààyè tọ́jú."

Lazarus ti mọ ohun tóun ṣe kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn.

Mùsílímátù dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Ó dáa," ó ní. Ó lọ.

Lazarus ò pè é padà. Ìgbéraga kọ́ o. Ìtìjú ni, ìtìjú sì lè di ènìyàn lẹ́nu ju ìgbéraga lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan dé, ó lọ. Èkejì dé. Lazarus se ìrẹsì ènìyàn méjì, ó wò ó, ó dé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá lójúde, á dìde. Òjòlá ń jinná díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó tì í, ó sì rí i kedere ní ọjọ́ kan pé bí òun bá kú sínú yàrá yìí, ẹran yìí ò ní mọ̀. Kì í ṣe pé ó burú. Kò lè mọ̀ ni. Lazarus gbórí lé tábìlì, ó sunkún, ọkùnrin ńlá.

Ìyá onílé rẹ̀, Gbọ́njúbọ́lá, ló wá kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n ni.

"Ìwọ Lásárù, ọmọ yẹn ò wá mọ́?"

"Kò wá mọ́, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé ó fi ẹsẹ̀ rìn gbé ejò rẹ dé ilé Dókítà Láyí, dókítà àwọn ẹranko? Ọlọ́kadà mẹ́ta ló sá fún un. Ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ, nínú oòrùn, ó ń sunkún lọ lójú títì, àwọn ènìyàn ń sá. Mo fún un ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan kó sùn, kò sùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń fọ egbò. Mo bi í pé kí ló ṣe tó fi eku sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé a kì í wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu, pé òun rò pé ìwọ ń wò ó nítorí o ò lẹ́nìkan ni." Gbọ́njúbọ́lá pòṣé. "Ṣé o sọ fún un rí pé eku lè jẹ ejò?"

Lazarus dúró gbagidi. Ó wá a látìbẹ̀rẹ̀ dópin oṣù márùn-ún. Kò sọ ọ́ rí.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Bàbá Sàníù àti Mùsílímátù níbi tí wọ́n ti ń bó àgbàdo lábẹ́ igi ọsàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo àgbàdo, kò sì dìde.

"Bàbá, mo wá sọ ohun tí mo ṣe, bóyá kò tíì sọ ọ́ fún yín."

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń bó àgbàdo láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Lazarus sọ gbogbo rẹ̀, kò bu díẹ̀ kù. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ burúkú yẹn, kò fò ó, ó sọ ọ́. Ojú Bàbá Sàníù yí padà. Ọwọ́ Mùsílímátù dúró sórí ṣírí àgbàdo.

"Irọ́ ni mo pa, Mùsílímátù. O mọ ohun alààyè tọ́jú. Èmi ni mi ò mọ ènìyàn tọ́jú. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ fún ọ, inú mi ni mo fi sí, nítorí ó ti mọ́ mi lára pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Bàbá, ẹ ní kí n rò ó. Mo ti rò ó. Ènìyàn ni mò ń wá. Àwọn ará ọgbà ẹranko ti gbà láti mú òjòlá náà, wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Bàbá Sàníù mi orí. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn."

"Rárá."

Mùsílímátù ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde.

"Ẹ má jẹ́ kó lé òjòlá náà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni wọ́n lé mi, pé èmi ò wúlò fún wọn mọ́. Ẹni tó bá lè lé ohun tó bá a gbé ọdún méje, tó tún lé e pẹ̀lú egbò lára, ọjọ́ wo ni tèmi? Bó bá lé e nítorí mi, mi ò ní fẹ́ ẹ."

Bàbá Sàníù wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó fi fìlà nu ojú. "Mo rò pé ejò ni mò ń bá jà," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé yóò ní agbẹjọ́rò."

Lazarus ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì wà nílẹ̀. "Ṣé o dárí jì mí?"

"Ó dùn mí gan-an," Mùsílímátù wí. "Ó ṣì ń dùn mí."

"Mo mọ̀."

"Kò ní tán lónìí."

"Màá dúró dè é."

Bàbá Sàníù mí kanlẹ̀, ó yí ìjókòó rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ nílé wa náà ni n ó ṣe bi ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mùsílímátù, ọkùnrin yìí ní òun ń fẹ́ ọ. Ṣé kí n gbà á?"

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ èèpo àgbàdo kiri.

"Mùsílímátù, ṣé kí n gbà á?"

Ó wo Lazarus tó dojú bolẹ̀, tí èèpo kún orí. Ó ronú kan yàrá ẹ̀yìn ilé, létí àká, àti ọdún mẹ́rin tó ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí o."

"Ẹ gbà á, Bàbá," ó ní. Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé èmi ò mọ ohun tí ẹnìkan ń rò lọ́kàn. Bó bá ń bẹ̀rù, kó sọ fún mi. Bínú bá ń bí i, kó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Bí mo bá pè é, kó dá mi lóhùn."

Bàbá Sàníù bojú wolẹ̀. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà," ni Lazarus wí.

"Èmi kọ́ ni kó o dá lóhùn."

Lazarus gbé orí sókè.

"Mo gbọ́, Mùsílímátù," ó ní. "Ẹ̀rù ń bà mí báyìí."